Ṣíṣí Gbọ̀ngàn Eré Ọmọdé Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Lẹ́yìn Abidjan, Bouaké ni ìlú tí ó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Àárín orílẹ̀-èdè náà ni ó wà, ní ilẹ̀ àwọn Baule, nǹkan bí 350 kìlómítà sí Abidjan, kò sì ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò káàkiri ilẹ̀ náà. Níbẹ̀ ni a ti bí Cheick Sallah Cissé ní ọdún 1993, ẹni tí ó borí nínú eré taekwondo ní Rio de Janeiro ní ọdún 2016, tí ó sì gba wúrà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbà rí nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dédé já bọ́ láti ọ̀run. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ wọn lórí ẹní nínú gbọ̀ngàn eré, bóyá taekwondo ni o, bóyá júdò ni, tàbí jimnásíìkì, èyíinì ni eré títa òkìtì. Nítorí náà, bí àjàkálẹ̀ àrùn bá ti ilẹ̀kùn irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn ńlá ni.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2020, ni a kéde ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn COVID-19 ní Côte d'Ivoire. Ọjọ́ náà gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àrùn náà ti di àjàkálẹ̀ tí ó kárí ayé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí tí ìjọba fi ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì ka ìpéjọpọ̀ tí ó bá ju ènìyàn 50 lọ léèwọ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù kan náà, Ààrẹ Alassane Ouattara kéde òfin pàjáwìrì, pẹ̀lú òfin kónílé-ó-gbélé láti agogo 9 alẹ́ di agogo 5 òwúrọ̀. Kò pẹ́ tí a fi dí ọ̀nà tí ó so Abidjan mọ́ ìyókù orílẹ̀-èdè náà.

Abidjan ni àrùn náà ti gbilẹ̀ jù lọ. Nígbà tí ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí dẹ okùn, kò dẹ ẹ́ bákan náà níbi gbogbo. Ní ọjọ́ 8, oṣù Karùn-ún, ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní òkè ilẹ̀, tí ti Bouaké wà lára wọn, ṣílẹ̀kùn; àwọn ti Abidjan dúró di ọjọ́ 25. Ó di ọjọ́ 15, oṣù Keje, kí a tó ṣí ọ̀nà Abidjan. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyí: iye àwọn tí àrùn ń mú ní ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí a fi pinnu ìgbà tí a ó ṣí ilẹ̀kùn, kì í ṣe ìwọra, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù.

Bí ọmọ bá ti padà sí iyàrá ẹ̀kọ́, ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ni pé: ṣé kí ó padà sí gbọ̀ngàn eré pẹ̀lú? Ìdáhùn kò rọrùn tó bí àwọn kan ti rò. Nínú iyàrá ẹ̀kọ́, ọmọ jókòó, ó ń mí jẹ́jẹ́. Nínú gbọ̀ngàn eré, ó ń sáré, ó ń fò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, olùkọ́ sì ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè dé ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn. Inú èémí àti ẹ̀kán itọ́ wẹ́wẹ́ ni kòkòrò àrùn yìí ń gbé kiri. Bí èémí bá ti le tó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ń jáde lẹ́nu ṣe ń pọ̀ tó.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Cheonan, ní orílẹ̀-èdè Kòríà ti Gúúsù, jẹ́rìí sí èyí. Ní oṣù Kejì, ọdún 2020, àwọn olùkọ́ ijó ìdárayá péjọ síbẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan nínú wọn kó àrùn náà, wọ́n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń kọ́ láì mọ̀. Títí di ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ènìyàn 112 ni a ti rí tí àrùn náà mú nípasẹ̀ gbọ̀ngàn ìdárayá 12. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà tún ń kọ́ àwọn àwùjọ kékeré, tí kò ju ènìyàn 7 tàbí 8 lọ, ní eré yoga àti irú rẹ̀ tí kò gba sísáré àti fífò. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí a rí àrùn náà lára rẹ̀. Ibi kan náà ni, ṣùgbọ́n iye ènìyàn àti agbára èémí yàtọ̀.

Láti inú èyí ni àwọn ìlànà tí ó tọ́ ti jáde. Afẹ́fẹ́ ni àkọ́kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àjàkálẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbogbo agbára wọn nu igi àti irin tí a ń fọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé wà ní títì. Nínu nǹkan kò burú, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ti fi hàn pé afẹ́fẹ́ ni ọ̀nà gbòógì tí àrùn náà ń gbà. Ní Bouaké, ó ṣeé ṣe ní ọ̀pọ̀ oṣù láti gbé ẹní jáde sábẹ́ àtíbàbà tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní ògiri. Ìgbà ọyẹ́ ni ó yẹ kí a ṣọ́ra jù, nítorí pé nígbà náà ni erukuru ń mú kí gbogbo ènìyàn ti fèrèsé wọn pa.

Ìlànà kejì ni pípín àwọn ọmọ sí àwùjọ kéékèèké tí kì í da ara wọn pọ̀. Bí ọmọ 40 bá ń ṣeré pọ̀, tí ọ̀kan sì ṣàìsàn, gbogbo 40 ni yóò padà sílé. Bí a bá pín wọn sí ọ̀nà 4, tí olúkúlùkù ní wákàtí tirẹ̀, 10 péré ni ọ̀ràn kàn. Fún ìdí èyí, ìwé tí a fi ń kọ orúkọ àwọn tí ó wá lójoojúmọ́ níye lórí ju igo oògùn ìfọwọ́ lọ.

Ní ti ìbòmú, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbani nímọ̀ràn ní ọdún 2020 pé kí ọmọdé má ṣe lò ó nígbà tí ó bá ń sáré tàbí tí ó ń ṣeré, kí ó má ba à dí èémí rẹ̀ lọ́wọ́. Olùkọ́ àti òbí tí ń wòran ni ó yẹ kí ó lò ó. Ẹfun tí àwọn atàkìtì fi ń pa ọwọ́ kò gbọdọ̀ wà nínú abọ́ kan náà fún gbogbo ènìyàn. Kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ wá.

Síbẹ̀, ìṣòro kan wà nínú eré òkìtì tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ eré mìíràn. Nígbà tí ọmọ bá ń kọ́ òkìtì titun, ọwọ́ olùkọ́ ni ó ń gbé e ró ní ẹ̀yìn tàbí ní ìbàdí. Bí a bá ní kí olùkọ́ dúró lókèèrè nítorí àrùn, ọmọ lè já lulẹ̀ kí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Kò bọ́gbọ́n mu kí a sá fún ewu kan kí a sì kó sínú òmíràn. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a fi òkìtì titun sílẹ̀ ná, kí àwọn ọmọ máa ṣe èyí tí wọ́n ti mọ̀ dájú, tí kò gba ìdìmú, títí àrùn yóò fi rọlẹ̀.

Èyí bá ọ̀rọ̀ mìíràn mu. Ara tí ó ti sinmi fún oṣù 2 kì í ṣe ara àná. Iṣan ti dẹ̀, ọwọ́ kò lágbára mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ ṣì rántí ohun tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Olùkọ́ tí ó gbọ́n yóò fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe eré ìpìlẹ̀. Ọmọ tí àrùn náà bá sì ti mú, díẹ̀díẹ̀ ni kí ó padà. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí ó bá ń dákú, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹnu kí a kúkú ti gbọ̀ngàn náà pa. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń bá ìyá àgbà àti bàbá àgbà gbé, àwọn àgbà wọ̀nyí sì ni àrùn náà ń pa jù. Ṣùgbọ́n títì pa náà ní iye tí ó ń náni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú ṣe ìdárayá lójúmọ́. Owó oúnjẹ olùkọ́ sì wà nínú owó tí àwọn ọmọ ń san.

Kò sí gbọ̀ngàn kan tí ó dá wà. Ní ìparí oṣù Kẹta, ọdún 2020, ènìyàn 127 dé sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti Côte d'Ivoire, ìjọba sì fi wọ́n sí àyè ọ̀tọ̀ ní Èjìgbò láti yẹ̀ wọ́n wò. A sì rí àrùn náà lára àwọn kan nínú wọn. Àrùn tí ó wà ní Abidjan lónìí lè dé Bouaké tàbí Èjìgbò lọ́la.

Ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé COVID-19 kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ìdíje Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ tí ó yẹ kí ó wáyé ní Dakar ní ọdún 2022, tí a sún sí ọdún 2026, jẹ́ ẹ̀rí bí àrùn náà ti da ètò eré rú tó. Àjàkálẹ̀ mìíràn lè dé. Ìgbà tí ara le ni ó yẹ kí olórí gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan gé fèrèsé sí ara ògiri, kí ó wá omi ìfọwọ́, kí ó sì kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ kedere: ohun tí yóò mú un ṣí, àti ohun tí yóò mú un tún tì í. Òjò tí ó ti ṣú kì í jẹ́ kí a ráyè rán òrùlé.