Nana Fadnavis: akọ̀wé owó tó dá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dúró ní Íńdíà

Ní ilẹ̀ Maratha, lápá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́ tí kì í ṣe jagunjagun, síbẹ̀ tí àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ra fún ju ọ̀pọ̀ balógun lọ. Nana Fadnavis ni wọ́n ń pè é.

Ọdún 1742 ni wọ́n bí i ní ìlú Satara. Balaji Janardan Bhanu ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Oyè ni Fadnavis, ẹni tó ń tọ́jú ìwé owó ìjọba lábẹ́ Peshwa. Peshwa yìí ló ń ṣàkóso ilẹ̀ Maratha láti ìlú Pune lórúkọ ọba. Ọmọ ọdún 18 ni Nana nígbà tí àwọn ọmọ ogun Afganísítàánì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará ilẹ̀ Maratha ní Panipat ní 1761. Díẹ̀ ló kù kó bá wọn lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1773, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin pa Narayanrao, Peshwa tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Raghunathrao, àbúrò bàbá rẹ̀, gorí oyè, àmọ́ adájọ́ àgbà Ram Shastri là á mọ́lẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ nínú ikú ọmọ náà. Nana àti àwọn ìjòyè mìíràn para pọ̀, wọ́n gbé Gangabai, opó tó lóyún, lọ sínú odi Purandar. Nígbà tó bí ọkùnrin ní 1774, ọmọ náà ò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n fi jẹ Peshwa. Nana wá di adelé.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Raghunathrao sá tọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ ní Bombay, ó ṣèlérí ilẹ̀ fún wọn ní 1775 kí wọ́n lè fi ọmọ ogun ràn án lọ́wọ́. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Nana ní amí káàkiri, ó sì mọ bí a ti ń kó àwọn ìjòyè tó ń bára wọn jà jọ. Ní 1779, wọ́n ká àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Wadgaon títí wọ́n fi juwọ́ sílẹ̀. Nínú àdéhùn Salbai ní 1782, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ Raghunathrao sílẹ̀, wọ́n sì gba ọmọ náà ní Peshwa. Ogún ọdún ni ogun kò fi ṣẹlẹ̀ láàárín wọn mọ́.

Àmọ́ Nana náà ní àléébù. Ó di agbára mú ṣinṣin, ó sì ń ṣọ́ Peshwa kékeré náà lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Ní 1795, ọmọ náà já bọ́ láti òkè ààfin, ó sì kú ní ọmọ ọdún 21. Àwọn kan ní ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ bẹ́. Ìjà oyè tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ju Nana pàápàá sẹ́wọ̀n fún ìgbà díẹ̀.

Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1800, kò sì sẹ́ni tó lè dí àyè rẹ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, Bajirao Kejì, ọmọ Raghunathrao, fọwọ́ sí ìwé tó mú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ilẹ̀ náà. Ní 1818, ìjọba Peshwa parí. Ilẹ̀kùn tí bàbá fẹ́ ṣí, tí Nana tì, ọmọ ló padà ṣí i.