Fóònù Ìgbàlódé Nínú Yàrá Kan Ṣoṣo

Nímà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn àdúgbò Zongo ní ìlú Àkrà, olú-ìlú Gánà. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó ń gbé ibẹ̀, èdè Haúsá ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń bá ara wọn ná ọjà. Ilé fún mọ́ra; ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó wà nínú agbo-ilé kan, tí bàbá, ìyá àti ọmọ sì ń sùn pọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo. Inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni fóònù ìgbàlódé bá wọn dé, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́.

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí bú ẹ̀rọ náà. Láti ọdún 2009 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù ní Gánà, èyí tí wọ́n ń pè ní MoMo, ìyálọ́jà tí kò wọ báńkì rí lè gba owó ọjà láti orí ìjókòó rẹ̀. Àwọn Yorùbá pàápàá mọ iyì rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdílé mìíràn pín sí méjì nígbà náà, apá kan ní Gánà, apá kejì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà tàbí ní Ìlọrin. Lónìí, ìyá àgbà lè wo ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, kí ó sì kì í ní oríkì. Ta ni yóò ní kí ó sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù?

Ohun tí ó yẹ kí ó yé ni ni ìdí tí ọwọ́ kì í fi í kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún 1957, Ferster àti Skinner, àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde lórí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ẹyẹlé. Bí ẹyẹlé bá fi àgógó kan bọ́tìnnì, oúnjẹ a bọ́ sílẹ̀. Bí oúnjẹ bá ti ń bọ́ ní gbogbo ìgbà, tí ó wá dáwọ́ dúró, ẹyẹlé kì í pẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń bọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìní àkókò, ẹyẹlé a máa kàn án ṣáá. (Onítẹ́tẹ́ kò nílò ìwé láti mọ èyí.) Bẹ́ẹ̀ ni fóònù rí. Ènìyàn lè ṣí i nígbà mẹ́sàn-án láìbá nǹkan gidi. Ní ìgbà kẹwàá, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ àtijọ́ wà níbẹ̀. Ìgbà kẹwàá yìí ni ó ń de ọwọ́ mọ́ ọn. Ìpolówó ọjà ni Facebook àti TikTok sì fi ń jẹun. Bí ojú bá ṣe pẹ́ tó lórí wọn ni owó wọn ń pọ̀ tó.

Oorun ni ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní Boston jẹ́ kí ènìyàn 12 ka ìwé lórí ẹ̀rọ tí ń tan ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó sùn ní alẹ́ márùn-ún, kí wọ́n sì ka ìwé oníbébà ní alẹ́ márùn-ún mìíràn. Ní alẹ́ ti ẹ̀rọ, oorun pẹ́ kí ó tó kùn wọ́n, ojú wọn kò sì tètè là ní òwúrọ̀. Ènìyàn 12 kò pọ̀, òótọ́ ni, ìyàtọ̀ náà kò sì ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n fídíò àti àríyànjiyàn WhatsApp ń dá ènìyàn dúró ju ìmọ́lẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn àwọn ará òkè òkun ni pé kí fóònù sùn ní yàrá mìíràn. Èwo ni yàrá mìíràn ní Nímà? Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí wọ́n so àpò kan kọ́ ara ògiri lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kí fóònù gbogbo ará yàrá wọ inú rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú oorun, kí ti bàbá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tí yóò fi aago ìdájí ṣe àwáwí, nítorí ìpè ìrun àsùbáà ń jí gbogbo àdúgbò.

Ẹni tí ń fi MoMo ṣòwò kò lè pa fóònù rẹ̀ ní ọ̀sán. Kí ó jẹ́ kí ìpè àti ìròyìn owó máa dún, kí ó sì pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni kí ó lọ wò wọ́n.

Ti ọmọdé ni ó le jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má jókòó ti ẹ̀rọ aláwòrán rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì ju wákàtí kan lọ ní ojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń dín kóòsé ní kùtùkùtù mọ̀ pé fóònù ni ó tètè ń pa ẹkún ọmọ. Kò ṣeé bú. Oúnjẹ òòjọ́ ni ó ń wá. Bí ó bá gba fóònù náà, ọmọ yóò sunkún fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni yóò rìn jáde sí àárín agbo-ilé, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré.