Ẹni tó ń kó èrò lọ sí omi Olúmirin, ẹ ṣírò òjò mọ́ owó yín

Kò sí ẹni tó ń kọ́ ará Àkókó ní òkè gígùn. Láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà, òkè ni lọ́tùn-ún, òkè ni lósì. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì máa ń rọ́ lọ sí Òkè Màríà ní Ọ̀kà láti lọ gbàdúrà, ibi tí èrò bá sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé omi tútù lọ kì í gbé e padà wálé. Ṣùgbọ́n omi ńlá tó ń ya láti orí àpáta bọ́ sínú igbó, èyí tí àwọn èèyàn ń fẹ́ lọ wò kí wọ́n sì ya fọ́tò níbẹ̀, ó di dandan kí wọ́n wọ mọ́tò kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ìrìnàjò yìí ni àwọn oníṣòwò kékeré kan ti sọ di òwò: oníyàwòrán, ìyá olóúnjẹ, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá. Wọ́n á kó èrò jọ, wọ́n á gba owó, wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì, ó di ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Òwò tó dára ni. Òwò tó sì lè jẹ owó orí ẹni mọ́lẹ̀ ni pẹ̀lú.

Omi Olúmirin wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìtàn tí wọ́n ń pa nílùú náà ni pé Akínlà, ọmọ ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí omi yìí nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Ìpele méje ni omi náà ní. Ìpele àkọ́kọ́ kò le rárá, ọmọdé àti àgbàlagbà ń dé ibẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sí èkejì ni èèyàn ti ń lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí gbòǹgbò igi àti àpáta ń di ohun ìdìmú. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá ìpele kejì yìí kí wọ́n tó yí padà. Nítorí náà, ẹni tó bá tẹ ìwé ìpolówó pé ìpele méje ni òun yóò mú èèyàn dé ti ta ohun tí kò ní lọ́wọ́ fún oníbàárà. Ẹ kọ ìpele kejì síbẹ̀. Ẹni tó bá lágbára láti gun jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó bá àwọn tó ń mú èèyàn mọ̀nà níbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kí a wá wo owó. Iye tí a fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni; kí oníkálùkù fi iye tí wọ́n bá dá lé e ní gáréèjì rọ́pò rẹ̀. Ká ní bọ́ọ̀sì tó lè gbé èrò 17 ni, tí owó háyà rẹ̀ pẹ̀lú epo jẹ́ N120,000, tí owó ẹni tó máa mú yín mọ̀nà àti ìnáwó kéékèèké jẹ́ N20,000. Ó di N140,000. Owó yìí kò kéré, kò pọ̀, ì báà jẹ́ èrò márùn-ún ló wá. Lẹ́yìn èyí, ká ní oúnjẹ, omi mímu àti owó ẹnubodè ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ N5,000, tí ẹ sì ń gba N15,000 lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ó túmọ̀ sí pé N10,000 ló ń kù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi san owó mọ́tò. Èrò 14 ló máa san án tán. Títí dé orí ẹni kẹrìnlá, ẹ kò tíì jẹ èrè kọ́bọ̀ kan. Èrò mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ló gbé gbogbo èrè lọ́wọ́: N30,000. Bí àwọn méjì bá sọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé ara wọn kò yá, tí ẹ dá owó wọn padà, èrè ti di N10,000. Bó bá jẹ́ èèyàn 12 ló wá, ẹ jẹ gbèsè N20,000, ẹ sì tún ṣe wàhálà láti àárọ̀ dalẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le gan-an nìyí. Ẹni tí èrè rẹ̀ wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta kì í fẹ́ gbọ́ pé òjò ṣú. Òjò á rọ̀ mọ́jú, ojú ọ̀run á dúdú, òun á ṣì máa pe èrò sínú bọ́ọ̀sì nítorí owó háyà tó ti san. Bẹ́ẹ̀, bí òjò bá rọ̀ lórí òkè, omi Olúmirin a máa ru, àpáta a sì máa yọ̀ bí ilá. Ẹni tó bá fi sílípáàsì gun irú àpáta bẹ́ẹ̀ ń wá ẹsẹ̀ tó máa kán ni. Ìgbà yẹn, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn?

Ohun tó yẹ ni kí ẹ ti ta òjò mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gba owó. Ẹ kọ ọjọ́ méjì sórí rísíìtì: ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, àti ọjọ́ tí ẹ máa lọ bí òjò bá dí èkíní lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ẹni tó bá yẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ọjọ́ bá ti ku mẹ́ta kò ní gba owó padà, ṣùgbọ́n ó lè fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀. Kí ẹ bá onímọ́tò náà ṣe irú àdéhùn kan náà, kí ó jẹ́ àsansílẹ̀ díẹ̀ ni yóò gbà, tí yóò sì gbé e lọ sí ọjọ́ kejì bí òjò bá dé. Onímọ́tò tó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Èyí ló ń fún oníṣòwò láàyè láti sọ pé ‘a kò lọ mọ́ lónìí’ láìjẹ pé ọkàn rẹ̀ bàjẹ́.

Ní ti oṣù, ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ló dára jù. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi sì ṣì pọ̀ lórí àpáta. Oṣù keje àti ìkẹsàn-án, òjò pọ̀ jù. Oṣù kejì ńkọ́? Ọ̀nà gbẹ, ṣùgbọ́n omi a máa fà, àwọn oníbàárà yín á sì ní ṣé ìyẹn náà lẹ fi gba owó àwọn.

Ọ̀nà gba ìrònú tirẹ̀. Ẹ lè gba Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ kí ẹ tó kọjú sí ìhà Iléṣà, tàbí kí ẹ gba Adó-Èkìtì àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i ní àlọ nìkan. Kò sí ẹni tó gbàgbé January 2021, nígbà tí ọkọ̀ ńlá tó kó sìmẹ́ǹtì ya wọ àárín èèyàn níwájú yunifásítì ní Àkùngbá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kú. Kí mẹkáníìkì yẹ bíréèkì bọ́ọ̀sì wò ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ó má jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ìrìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn agbébọn. Ní January 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì. Ẹ má ṣe ìrìn òru rárá, owó yòówù kó wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí àgbàlagbà bá pọ̀ nínú wọn, ó lè jẹ́ omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò ló máa bá wọn lára mu, torí kò jìnnà sí Ìkọ̀gòsì tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Àwọn tí kò fẹ́ tọrọ omi rárá lè lọ sí Ìdánrè, nípìnlẹ̀ Oǹdó níbí. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà níbẹ̀, tó lọ sí ìlú àtijọ́ tí àwọn èèyàn ti sọ̀kalẹ̀ wá ní 1923.

Ní ọjọ́ náà gan-an, kí bọ́ọ̀sì ti kúrò ní Ìkàrẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ yẹ bàtà oníkálùkù wò kí ó tó wọlé: kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ gbé òwú, bándéèjì àti omi ọgbẹ́ dání. Ẹ kọ orúkọ gbogbo èrò sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tí ẹ lè pè nílé wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Bí aago kan ọ̀sán bá ti lù, kí gbogbo èèyàn máa sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, títí kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpele kejì tó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ jẹ́ kí òun ya fọ́tò kan sí i.