Ta Ní Ń Bọ́ Ọmọ Ogun? Bí Oyè Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn Ayé Ogun

Ní Àgbàdo níbí, ẹni tí a bá dìbò yàn ní alága ìjọba ìbílẹ̀ Àgbàdo/Òkè-Odò ti mọ ìgbà tí àkókò rẹ̀ yóò pé kó tó búra wọlé. Kò sì ní sọ́jà kankan tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ka èyí sí nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì yìí, iye ìgbà tí olórí yóò lò lórí oyè àti ẹni tó ni àwọn ọmọ ogun, ni àwọn baba wa ní Ìbàdàn fi ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún wá ojútùú sí. Àwọn ará Róòmù náà ti bá a jìjàkadì ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn. A máa ń pe orúkọ Olúyọ̀lé, Ìbíkúnlé, Ògúnmọ́lá àti Látòósà tìyìn-tìyìn, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló mọ ètò tó gbé wọn dé ipò.

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn kó tó di ìlú. Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn ogun Òwu, nígbà tí ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé wá tẹ̀dó síbi tí àwọn onílé ti sá kúrò. Máyẹ̀ Okùnadé, ọmọ Ifẹ̀, ló kọ́kọ́ ṣe olórí wọn. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé sáàárín Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́. Àwọn Ọ̀yọ́ borí, ibùdó sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kò sí ọmọ ọba tó gbé adé wá tẹ ìlú yìí dó. Nítorí náà, kò sí ìdílé kan tó lè dìde pé àwọn nìkan ni oyè tọ́ sí.

Wọ́n wá pín agbára sọ́nà méjì. Baálẹ̀ ni olórí ìlú: òun ló ń gbọ́ ẹjọ́, tó ń gba àlejò, kì í sì í sábà lọ sójú ogun. Balógun ló ń kó ọmọ ogun jáde. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni Ọ̀tún, Òsì, Àṣípa àti Ẹ̀kẹrin tò sí, tí àwọn mìíràn sì tún tẹ̀ lé wọn. Sẹ̀ríkí ló ń ṣáájú àwọn jagunjagun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lókè. Ìyálóde ń jókòó ní ìgbìmọ̀ lórúkọ àwọn obìnrin.

Báwo ni èèyàn ṣe ń wọ inú ètò yìí? Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ogun lé dé láti apá Ọ̀yọ́ Ilé, tí kò ní bàbá nílùú, tí kò ní ilẹ̀. Yóò lọ sí agboolé ológun kan, yóò fi orí balẹ̀, yóò sọ pé òun fẹ́ máa bá bàbá lọ sógun. Bàbá yóò fún un ní ibi tí yóò sùn, oúnjẹ, ìbọn àti ẹ̀tù. Bí ogun bá dé tó sì kó ẹrú bọ̀, apá kan nínú wọn di ti bàbá, ìyókù di tirẹ̀. Àwọn ẹrú náà ni yóò máa roko fún un. Èrè oko ni yóò fi bọ́ àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ ogun rẹ̀ bá pọ̀ tó, tí orúkọ rẹ̀ sì ti hàn lójú ogun, wọn yóò fi í jẹ oyè kékeré kan nísàlẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, bí ẹni kan bá kú lókè, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sún sókè. Ọmọ èèyàn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé gbogbo ètò yìí ró, kò yẹ ká fi èyí pa mọ́ nígbà tí a bá ń yin àwọn akọni náà.

Ògúnmọ́lá gun àkàsọ̀ yìí. Kì í ṣe ọmọ ìdílé ńlá kankan ní Ìbàdàn, síbẹ̀ ó di Ọ̀tún Balógun lẹ́yìn Balógun Ìbíkúnlé nígbà ogun Ìjàyè, ó sì di olórí ìlú ní 1865 pẹ̀lú oyè Baṣọ̀run.

Ní Róòmù, ìtàn wọn sọ pé ní ọdún 509 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n lé ọba wọn ìkẹyìn, Tarquinius, jáde. Àwọn olórí méjì tí wọ́n ń pè ní consul ni wọ́n ń yàn rọ́pò ọba. Àwọn méjèèjì ló ń ṣàkóso ìlú, àwọn náà ló ń kó ogun jáde. Ọdún kan péré ni wọ́n ń lò, ẹnì kan sì lè tako ohun tí ẹnì kejì bá fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jẹ àwọn ipò kéékèèké kan kọjá. Bí ewu ńlá bá dé, wọ́n lè fi gbogbo àṣẹ lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ.

Róòmù fi èèyàn méjì sórí ipò kan. Ìbàdàn ya ipò méjì sọ́tọ̀, ó sì fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí wọn. Ọjọ́ ni Róòmù fi ń ká olórí lọ́wọ́ kò. Ní Ìbàdàn, títí dọjọ́ ikú ni oyè, nítorí náà gígùn àkàsọ̀ ló ń ká wọn lọ́wọ́ kò: kí èèyàn tó dé òkè, ó ti dàgbà, ó sì ti ní ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ tó ní ọmọ ogun bíi tirẹ̀. Bí olóyè kan bá ń gbé ara rẹ̀ ga ju ìlú lọ, àwọn yòókù lè para pọ̀ kọ̀ ọ́, kí wọ́n kó agboolé rẹ̀, kí wọ́n sì lé e jáde tàbí kí wọ́n ní kó pa ara rẹ̀.

Ogun Ìjàyè fi agbára ètò yìí hàn. Ní Ìjàyè, ọwọ́ Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni gbogbo nǹkan wà: ẹjọ́, ogun, owó. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, tí wọ́n sì fi Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba, Kúrunmí kò gbà, nítorí àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè lẹ́yìn Adélù, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ìbàdàn pàdánù ọ̀pọ̀ olóyè lójú ogun náà, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ti ń ṣubú ni ẹni tó tẹ̀ lé e ń bọ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kúrunmí kú, òun náà kú ní 1861, Ìjàyè kò sì rí ẹni tó tó o rọ́pò. Ìlú náà fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862.

Àbùkù tó wà nínú ètò Ìbàdàn ni pé olóyè ló ń bọ́ ọmọ ogun, kì í ṣe ìlú. Àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ ni ọmọ ogun Róòmù ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ń ra ohun ìjà fúnra rẹ̀. Nígbà tó di 107 ṣáájú ìbí Jésù, Marius gba àwọn tí kò ní ilẹ̀ wọlé, ọ̀gá ogun sì ni wọ́n ń wò fún ilẹ̀ tí wọn yóò máa jẹ nígbà tí ogun bá tán. Ní 88, Sulla kó ọmọ ogun rẹ̀ wọ Róòmù fúnra rẹ̀. Ní 49, Julius Caesar kọjá odò Rubicon pẹ̀lú tirẹ̀, kò sì pẹ́ tí ètò ọlọ́dún kan náà fi di ìtàn.

Látòósà ni Caesar tiwa. Ó di olórí Ìbàdàn ní 1871, oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ló sì gbà lọ́wọ́ Aláàfin, kì í ṣe Baálẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: oyè ogun ni, ó sì fi sórí ìlú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá àwọn tó lè dí i lọ́nà lulẹ̀. Ìyálóde Efúnṣetán Aníwúrà, ọlọ́rọ̀ tó ń fún àwọn olóyè ní ẹ̀tù láwìn, ni wọ́n yọ lóyè ní 1874, wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Ìyàpọ̀, ọmọ Ìbíkúnlé, tó jẹ́ Sẹ̀ríkí, náà kú nítorí ọ̀tẹ̀ tí wọ́n dì mọ́ ọn. Lójú tèmi, níbí ni ètò náà ti wọ́, nítorí àwọn tó ń ká olórí lọ́wọ́ kò gan-an ni wọ́n ń pa.

Nígbà tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ tí wọ́n dìde sí Ìbàdàn, tí Ògèdèǹgbé sì ṣáájú wọn ní ogun Kírìjì, Látòósà fúnra rẹ̀ ló lọ sójú ogun. Orí ìlú àti orí ogun wá jókòó pọ̀ sínú àgọ́ kan, wọn kò lè ṣẹ́gun, wọn kò sì lè wálé. Inú àgọ́ yẹn ló kú sí ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àgọ́ tó tú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1893 kan náà, Ìbàdàn fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ogun jíjà sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ogun tán, ohun tó fa ìparun kúrò, àkàsọ̀ sì kù. Ní 1936 ni Baálẹ̀ di Olúbàdàn. Ìlà Ọ̀tún, tó ń tò lẹ́yìn Baálẹ̀ láyé àtijọ́, àti ìlà Balógun ló ń gba ipò náà lọ́wọ́ ara wọn títí dòní. Olúbàdàn Lekan Balogun, tó wàjà ní 2024, wá láti ìlà Ọ̀tún. Owolabi Olakulehin láti ìlà Balógun tẹ̀ lé e. Rashidi Ladoja, tó ti ṣe gómìnà rí, tó sì ti ń gun àkàsọ̀ náà láti 1993, gorí oyè ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 láti ìlà Ọ̀tún. Ìlà Balógun ló kàn.