Àkísà Àgbà: Bí A Ti Í Ṣe Aṣọ Tí Ó Yẹni Láìjẹ Gbèsè

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìrírí ni a sábà máa ń fi òwe náà tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ kí ẹ̀yin ònkàwé wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin ìyá ilé, gbà á bí a ti pa á gan-an. Ọrọ̀ ni àkísà. Ẹni tí ó bá ní àpótí tí aṣọ àtijọ́ wà nínú rẹ̀, tí ó sì ní abẹ́rẹ́, òwú àti sùúrù, kò yẹ kí ó wọ gbèsè nítorí aṣọ ọjọ́ Ìkórè tàbí ti Kérésìmesì.

Àwọn ìdílé Ìkọ̀yà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni ó wà ní ọkàn wa bí a ti ń kọ̀wé yìí: àwọn tí ń gbẹ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe púpurú, àwọn tí ń fún epo, àwọn tí ń ná ọjà Òkìtìpupa, àti àwọn olùkọ́ tí ń retí owó oṣù. Nígbà tí àsìkò Ìkórè bá súnmọ́ etílé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ a mú aṣọ kan. Àwọn ẹbí a sì tún mú òmíràn fún ìgbéyàwó tàbí fún ìsìnkú àgbà. Ẹni tí kò bá rí owó rẹ̀ yóò ṣe ọ̀kan nínú ohun méjì: yóò yá owó, tàbí yóò jókòó sí ilé. Méjèèjì ni ó burú, ṣùgbọ́n èkejì ni ó dùn wá jù. Ẹni tí ó jókòó sí ilé nítorí aṣọ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni; yóò wí pé ara òun kò yá.

Kì í ṣe àìmọ̀wọ̀n-ara-ẹni nìkan ni ó fa ìṣòro yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ìjọba fi iye owó náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu rẹ̀. Dọ́là kan, tí ó ti wà ní nǹkan bí náírà 460, ti kọjá náírà 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Níwọ̀n bí ó sì ti jẹ́ pé láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú aṣọ tí a ń rán, àti òwú, bọ́tìnì àti síìpù wa, ti ń wá, gbogbo wọn ni ó gbówó lórí. Owó tí ó tó ra aṣọ odindi ìdílé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn lè má tó ti ẹnì kan mọ́. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ọmọ kò dúró de aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ibà kò dúró dè é. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé títún aṣọ ogbó ṣe jẹ́ àmì òṣì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn ìyá-ńlá wa ní ilẹ̀ Yorùbá a máa hun kíjìpá lórí òfì ìnàró inú ilé, aṣọ tí ó nípọn tí ó sì ń tọ́jọ́. Nígbà tí aṣọ bá ṣá, wọn kì í jù ú nù. Wọn a tún rẹ ẹ́ nínú aró, a sì tún di titun ní ojú ènìyàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ wọn, kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1941 ni ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí fi kúpọ́ọ̀nù díwọ̀n aṣọ fún olúkúlùkù. Àgbàlagbà kan ní kúpọ́ọ̀nù 66 fún ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀wù obìnrin kan tí a fi irun àgùntàn hun sì gba 11 nínú wọn. Ní ọdún 1943 ìjọba náà tẹ ìwé kékeré kan jáde tí a pè ní Make Do and Mend, ìyẹn ni pé kí a lo ohun tí ó wà, kí a sì tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe. Kò sí ìyá ilé tí ó tijú láti kà á, ètò kúpọ́ọ̀nù náà kò sì dópin títí di oṣù kẹta ọdún 1949.

Nítorí náà, inú ilé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọwọ́ dilẹ̀, ẹ kó gbogbo aṣọ inú àpótí jáde sí orí ẹní. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè kọjú sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni í fi ibi tí aṣọ ti tín-ín-rín hàn. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó dára ṣùgbọ́n tí kò bá ènìyàn mu mọ́, èyí tí ó gbó ní ibì kan tí ìyókù rẹ̀ sì le, àti èyí tí ó ti gbó tán. Ìpín kẹta yìí ni kí ẹ tú bọ́tìnì àti síìpù ara rẹ̀ sí inú agolo kan, kí ẹ sì gé ibi tí ó bá ṣì dára pamọ́ fún irépé.

Ṣẹ́ẹ̀tì bàbá, kọ́là rẹ̀ ni í kọ́kọ́ gbó. Ẹ fi òwú sàmì sí àárín kọ́là náà àti àárín ọrùn ẹ̀wù, kí ẹ tó fi ẹnu abẹ́rẹ́ tú ojú-rírán tí ó so wọ́n pọ̀. Ẹ yí kọ́là padà, kí ojú tí ó ti gbó di inú, kí ẹ jẹ́ kí àmì méjèèjì bá ara wọn, kí ẹ sì tún un rán sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì náà yóò tún ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ìró ìyá, àárín ni í ti í gbó, níbi tí a fi ń jókòó, nígbà tí etí rẹ̀ méjèèjì ṣì le koko. Ẹ gé e sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ibi tí ó ti gbó náà. Ẹ mú etí méjèèjì tí ó le wá sí àárín, kí ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì ṣẹ́ etí ibi tí a gé, tí ó ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ báyìí. Bí a bá ró o tán, ibi tí ó gbó kò ní sí níbi tí a fi ń jókòó mọ́.

Ṣẹ́ẹ̀tì àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ya lè di ẹ̀wù ọmọbìnrin kékeré. Ẹ gé ọwọ́ àti kọ́là kúrò. Ẹ mú ẹ̀wù ọmọ náà kan tí ó bá a mu, ẹ tẹ́ ẹ lé orí ṣẹ́ẹ̀tì náà, ẹ fi pépé ọṣẹ gbígbẹ fa ìlà yí i ká, kí ẹ sì fi ìbú ìka méjì kún un fún ojú-rírán. Ẹ jẹ́ kí ìlà bọ́tìnì ti àtẹ̀yìnwá dúró ní ipò rẹ̀, kí ẹ má baà ṣe wàhálà ihò bọ́tìnì titun. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi irépé àǹkárá kan ṣe ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì fi irépé kan náà ṣe àpò méjì. Ohun kan wà tí gbogbo aránṣọ rere mọ̀: irépé tí ó wà ní ibì kan ṣoṣo a máa dàbí àtúnṣe, ṣùgbọ́n bí ó bá wà ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, ó di ọ̀ṣọ́.

Aṣọ funfun tí àbàwọ́n ti bà jẹ́, aró ni oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aṣọ ni aró ń mú. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ láti etí inú rẹ̀, kí ẹ sì fi iná sí i lórí àwo. Bí òwú gidi bá ni, yóò jó bí ìwé, yóò sì fi eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pọ́lísítà, yóò yọ́, yóò sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle. Òwú ni aró ẹlú ń mú dáradára; òwú ni ó sì dára fún ooru ilẹ̀ Ìkálẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti lílẹ aṣọ, Olúwa wa ti sọ ọ́ nínú Ìhìnrere Mátíù orí 9 pé ènìyàn kì í fi aṣọ titun lẹ ògbólógbòó ẹ̀wù, kí yíya rẹ̀ má baà burú jù ti àkọ́kọ́ lọ. Òwe ni Ó ń pa, ṣùgbọ́n òtítọ́ abẹ́rẹ́ ni Ó fi pa á. Aṣọ titun a máa sún kì nígbà tí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, a sì fa ògbólógbòó ya. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fọ irépé titun nínú omi gbígbóná, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tó fi lẹ ohunkóhun.

Lẹ́yìn àpótí ilé ni pàṣípààrọ̀ kàn. Ọmọ a máa dàgbà ju ẹ̀wù rẹ̀ lọ kí ẹ̀wù náà tó gbó. Bí ìyá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ìjọ bá kó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jọ ní ìgbà kan náà, olúkúlùkù lè mú èyí tí ó bá ọmọ tirẹ̀ mu lọ sí ilé, láìná kọ́bọ̀ kan.

Ọjà ni ó kẹ́yìn. Gbogbo wa ni a mọ òkìríkà, tí a fi orúkọ èbúté Òkìríkà ní ẹ̀bá Port Harcourt pè. Àwọn ará òkè òkun ni ó ń fi aṣọ wọ̀nyí tọrẹ. Àwọn oníṣòwò a sì dì wọ́n ní béèlì, wọn a kó wọn wá sí Áfíríkà. Ní Èkó, ọjà Kàtàngówà ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ó yẹ kí onígbàgbọ́ mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa ka aṣọ àlòkù mọ́ àwọn ohun tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọlé láti òkè òkun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbangba ni a ń tà á ní ọjà. Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé ilé-iṣẹ́ ahunṣọ Kaduna Textiles, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957, ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2002, àti pé aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti ẹ̀yìn odi wà lára ohun tí ó pa irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára. Nítorí èyí ni a ṣe fi ọjà sí ẹ̀yìn. A kò dá opó tí ó ra ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n a rọ̀ ọ́ kí ó kọ́kọ́ wo inú àpótí.

Ẹni tí ó bá sì rà á, kí ó rà á pẹ̀lú ọgbọ́n. Kí ó yí i sí inú, kí ó wo abẹ́ apá, ọrùn àti ìdí. Kí ó fa síìpù lọ sókè sódò. Kí ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fa ojú-rírán wò. Kí ó má ṣe ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ rárá. Nígbà tí ó bá dé ilé, kí ó fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ tán, kí ó sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ ní ojú méjèèjì. Irú eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ wa tí ń yé sí aṣọ ọ̀rinrin, tí ìdin rẹ̀ sì ń wọ ara bí oówo. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni í pa á, ìbáà ṣe ara aṣọ titun tàbí ti àlòkù.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń mú aṣọ yẹni? Àwọn baba wa wí pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni: bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, a máa ṣoni, rẹ́gí ni ohun ẹni ń báni mu. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Aṣọ olówó iyebíye tí ó fẹ̀ jù ní èjìká a máa sọ ènìyàn di ẹlẹ́yà, nígbà tí ẹ̀wù àlòkù tí a fún ní ẹ̀gbẹ́, tí a gé ọwọ́ rẹ̀ sí ìwọ̀n, tí a sì lọ̀ dáradára, yóò mú kí àwọn ènìyàn béèrè ẹni tí ó rán an. Bí ẹ bá ní owó díẹ̀, ẹ fi san fún télọ̀ tí ó mọ ìwọ̀n. Ẹ sì fi abẹ́rẹ́ lé ọwọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin yín bákan náà. Ẹni tí kò lè rán bọ́tìnì tirẹ̀ yóò máa sanwó rẹ̀ títí.

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9 a kà nípa Dọ́kásì ará Jópà. Nígbà tí ó kú, àwọn opó dúró ti Pétérù, wọ́n ń sọkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí obìnrin náà ti rán hàn án. Ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán fún àwọn tí kò ní ni ó jẹ́rìí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ ní Ìkọ̀yà àti ní ibi gbogbo, kí ẹ tó mú aṣọ ọdún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ẹni tí kò ní lè rà á. Bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ mú gèlè tàbí ìborùn kan ṣoṣo dípò odindi aṣọ, kí olúkúlùkù lè wọ ohun tí ó wà nínú àpótí rẹ̀ sí i. Bí ẹ bá sì gbọ́ ní ọjọ́ Ìkórè pé ara arábìnrin kan kò yá, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ilé. Ẹ mú abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́.