Bí Sítíárìn Bá Ń Gbọ̀n, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Àwa tí a ń fi píkọ́ọ̀pù ńlá jẹun ní Houston mọ ìgbọ̀n kan tó yàtọ̀ sí èyí tí táyà tí kò gún máa ń fà. Èèyàn ń bọ̀ lórí I-10, eré máìlì 60 ló ń sá, ó gun ojú ibi tí wọ́n ti so afárá pọ̀, ni sítíárìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo iwájú ọkọ̀ á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, dáṣíbọ́ọ̀dù á máa pariwo, dígí ẹ̀gbẹ́ ò ní ṣeé wò mọ́. Àwọn awakọ̀ ibí ń pè é ní ìgbọ̀n ikú. Kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kéèyàn di sítíárìn mú ṣinṣin, kó dẹ ẹsẹ̀, kí eré ọkọ̀ sì máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi dákẹ́.

Ó ti ṣe mí rí, tèmi ti tírélà lẹ́yìn, pẹ̀lú Camry kan àti Highlander kan tí mo ń gbé lọ sí èbúté. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi, ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà wà á yí àdúgbò ká, ó ní òun ò rí i kó gbọ̀n. Ó ní èmi nìkan ni mo tíì mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé tó fún mi ni pé wọn ò rí àléébù kankan. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbọ́ níbòmíràn: wọ́n á sọ fún kálukú pé òun nìkan ni.

Ohun tó ń fà á kò ṣòroó yé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, táyà iwájú kọ̀ọ̀kan ló ń dá gun gegele tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe fún ẹrù wúwo, irin gbọọrọ kan ló so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì, torí kó lè lágbára. Bí táyà kan bá ta sí kòtò, èkejì gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Bí táì-ródì tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì bá ti jẹ, tàbí ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí irin náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbọ̀n tó yẹ kó kú lójú ẹsẹ̀ á máa le sí i ni. Ṣọ́ọ̀kì kékeré kan wà lára sítíárìn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa á. Ibẹ̀ ni èmi àti ọ̀pọ̀ mọkáníìkì ti ń jiyàn, nítorí kí wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì yẹn nìkan dà bíi kéèyàn máa fi Panadol tọ́jú ibà. Ara á tutù lónìí, àìsàn ṣì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn kan tó ni Ford F-250 àti F-350 gbé ọ̀rọ̀ irú ìgbọ̀n yìí lọ sílé ẹjọ́ ní California.

Ẹjọ́ píkọ́ọ̀pù Ram ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, Chrysler kéde pé kí àwọn èèyàn dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.2 ọkọ̀ Ram padà fún àyẹ̀wò, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2012, nítorí táì-ródì. Irin yìí ló ń gbé ohun tí ọwọ́ wí lọ bá táyà. Bó bá já lórí eré, awakọ̀ á yí sítíárìn títí, ọkọ̀ ò ní gbọ́. Àmọ́ àtúnṣe falẹ̀. NHTSA, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀, pe ilé iṣẹ́ náà jáde ní gbangba lọ́jọ́ kejì oṣù keje ọdún 2015. Kí oṣù yẹn tó parí, Fiat Chrysler ti gbà pé àwọn rú òfin: àtúnṣe pẹ́, wọn ò sì fi tó àwọn onímọ́tò àti ìjọba létí bó ṣe yẹ. Owó ìtanràn jẹ́ mílíọ̀nù 105 dọ́là. NHTSA tún ní kí wọ́n yọ̀ǹda láti ra Ram tí àléébù rẹ̀ kò tíì gba àtúnṣe padà, lára ọkọ̀ tó lé ní 500,000, ní iye tí onítọ̀hún rà á, kí wọ́n yọ ti ògbó kúrò, kí wọ́n sì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú gan-an. Bí ọkọ̀ ṣe ń wúwo sí i ni òfin ń dẹwọ́ fún un. Ìràwọ̀ márùn-ún tí NHTSA fi ń díwọ̀n ààbò kò kan ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá ju 10,000 pọ́n-ùn lọ, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 4,500. Ti òrùlé tún burú: títí di 2009, òfin tó ní kí òrùlé má wó mọ́ni lórí bí ọkọ̀ bá dojú dé kò dé orí èyí tó ju 6,000 pọ́n-ùn lọ. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní kí òrùlé ọkọ̀ kékeré lè gba ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ọkọ̀ náà, ti èyí tó ju 6,000 lọ kò sì ju ìlọ́po kan àtààbọ̀. Ìdílé ló ń gun àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Mi ò rí ìdí tí orí wọn fi níláti dọ̀pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń ṣe báyìí, kó má fi mọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á. Kó kọ ọ́ sórí ìkànnì NHTSA. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, èyí tó ní létà àti dígíìtì 17, tó wà lábẹ́ dígí iwájú lápá òsì. Lẹ́yìn náà, kó kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, eré tó ń sá, máìlì tí ọkọ̀ ti rìn, bóyá ẹrù wà lẹ́yìn, àti ohun tí wọ́n sọ fún un nígbà tó gbé e lọ. Kó tọ́jú gbogbo ìwé, pàápàá èyí tó sọ pé kò sí àléébù. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé: ìgbà tí ẹjọ́ tó jọra bá ń wọlé láti Texas, Ohio àti Montana ni àwọn ẹnjiníà ìjọba ń ṣí ìwádìí. Bí ilé iṣẹ́ bá sì ti gbà pé àléébù wà, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún péré ló ní láti fi tó ìjọba létí, ọ̀fẹ́ sì ni àtúnṣe fún ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún 15 tí wọ́n kọ́kọ́ tà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà náà, torí ọkọ̀ tókúnbọ̀. Àléébù a máa bá ọkọ̀ wọkọ̀ ojú omi, lẹ́tà tó ń pe ọkọ̀ padà fún àtúnṣe kì í bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní nọ́ńbà náà lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ láti ibikíbi. Láìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n kan ní Ìbàdàn ní kí n bá òun ra píkọ́ọ̀pù tí yóò máa kó oúnjẹ adìẹ. Ó ní, "Àbúrò, ojú ẹ̀ mọ́, bá mi mú un." Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìkànnì, mo rí i pé ìpè kan wà lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ́. Ibí ni wọ́n ti tún un ṣe kó tó wọnú kọntéínà, mo sì fi ìwé àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí i kó fún mọkáníìkì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ní kí n wo ti Sienna tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé náà. Mo ń retí nọ́ńbà yẹn.