Ṣé o mọ̀? Àga tí kì í sá fún yangí

Ṣé o mọ̀ pé àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó ni wọ́n fi pààrọ̀ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì? Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn náà. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, kò sì padà wálé mọ́; British Museum ló wà dòní. Lára rẹ̀, Ọ̀gọ̀gà, ọba Ìkẹ́rẹ́, jókòó sórí ìtẹ́, ó ń gba Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Kápútẹ̀n Ambrose lálejò. Aláàárù ló ru Òyìnbó náà wọ̀lú. Ta ni yóò wá ru akàndá ẹ̀dá tó fẹ́ lọ wo àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ lónìí?

Ṣé o mọ̀ pé torí pé ó ṣeé gbé sínú mọ́tò ni àga oníkẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká, irú ti ọsibítù, ṣe gbajúmọ̀? Herbert Everest, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kán níbi ìwakùsà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Harry Jennings ló ṣe é ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1933. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ló yẹ ẹ́. Bí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kékeré yẹn bá kọ lu gbòǹgbò, yóò dúró gbọn-in, ẹni tó jókòó yóò sì fẹnu gúnlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àga oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dára ju ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ lórí ilẹ̀ gbágungbàgun? Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Stephan Farffler, aṣe-aago ará Jámánì tí kò lè rìn, ti ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń fọwọ́ yí láti ọdún 1655.

Èyí tó wù mí jù ni ti Amos Winter. Tansaníà ló lọ lọ́dún 2005, nígbà tó wà ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tó rí i pé àga tó wà níbẹ̀ kò bá ọ̀nà ìgbèríko mu. Àga tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ní ọ̀pá méjì tí èèyàn ń tì síwájú. Di ọ̀pá náà mú lókè, wàá lágbára láti gun òkè. Dì í mú nísàlẹ̀, wàá sáré. Ṣéènì básíkùlù ló ń yí i, nítorí náà atún-básíkùlù ṣe abúlé lè tún un ṣe.

Bí o bá fẹ́ rà, wo ẹsẹ̀ iwájú: kí ó fẹ̀, kí ó sì jìnnà síwájú. Béèrè lọ́wọ́ fọ́kánáísà àdúgbò bóyá ó ní túùbù rẹ̀ kí o tó sanwó. Má ra àga tí kò ní tìmùtìmù gidi. Egbò ìdí kì í tètè jinná, ó sì ń pani.

Bí ẹ bá kan gọ́tà tóóró, kí ẹni tó ń tì ọ́ yí ọ padà, kí ẹsẹ̀ ńlá ẹ̀yìn kọ́kọ́ kọjá. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn náà ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá ń gòkè, tẹ̀ síwájú.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àga yìí tó máa gbé ọ dé orí Olósùnta o. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, níbi táwọn èèyàn ti ń wòran? Òfin àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé ìlò gbogboògbò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà fún akàndá ẹ̀dá. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024.